Ìrókò Tí Ewúrẹ́ Lá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mo mọ̀ pé fóònù ń pè yín. Ẹ óò padà sí i. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun títí eyín fi ń fi ẹnu mi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ irọ́ ni. Ẹ má sá. Irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni, irọ́ tí onílé fúnra rẹ̀ ń bẹ̀ wá pé kí á bá òun pa sára ògiri òun.

Akunlé ni mí, ṣùgbọ́n n kì í ṣe irú èyí tó ń da ọ̀dà funfun sínú páànù, tí á sì máa nù ún mọ́ ògiri bí ẹni ń fi àkísà nu tábìlì. Èmi, bí ẹ bá gbé pákó arère fún mi, igi fúyẹ́fúyẹ́ tí kò ju kí á fi kan àpótí lọ, màá fi ọ̀dà sọ ọ́ di ìrókò lójú yín. Bí ẹ bá mọ òpó símẹ́ńtì, màá sọ ọ́ di òkúta mábìlì, pẹ̀lú iṣan dúdú tó ń rìn nínú rẹ̀ bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Ní Ìgbájọ, mo kun òpó kan tó jọ igi débi pé ẹyẹ àkókó bà lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a. Símẹ́ńtì ni òpó o! Ẹnu ẹyẹ náà tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Títí dòní, àwọn àkókó Ìgbájọ kì í ṣá igi kí wọ́n má kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kàn án wò. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi wọ́n.

Mo lọ sí ilé ìwé díẹ̀. Pírámárì fọ́ọ̀ ni èmi àti ìwé ti kí ara wa pé ó dàbọ̀, kò sì sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Télọ̀ ni bàbá mi ní Ìlá, ó sì fẹ́ kí n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà. Lọ́jọ́ kan mo fi èédú ya ejò sí ìdí ìkòkò omi ìyá mi. Ìyá mi rí i, ó gbé ọmọ odó, ó lu ejò náà. Ìkòkò fọ́, ejò kò kú. Bàbá mi wo ilẹ̀, ó wo mí, ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí ń purọ́. Kí á tètè mú un lọ bá ẹni tó fi irọ́ ṣiṣẹ́, kó tó fọ́ gbogbo ìkòkò ilé."

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jósẹ́fù nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Ìlá ni Ọ̀gá. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá Àgùdà kan tó ń kun òpó ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó wá fi Ìlá ṣe ibùjókòó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdí búrọ́ọ̀ṣì. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, n kò sì rí ẹ̀kán ọ̀dà lára rẹ̀ rí. Ó ní akunlé tó bá kun ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi kun ilé?

Mo rò pé lọ́jọ́ tí mo dé ni wọn yóò gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́. Rárá o. Ọ̀gá ní kí n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, kí n lọ wo ìrókò. Mo lọ, mo wò ó, mo padà.

"Kí lo rí?"

"Mo rí igi, Ọ̀gá."

"Padà lọ."

Mo padà lọ. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Òjò rọ̀ títí, òjò dá, ọyẹ́ dé, èmi ṣì ń wo igi. Àwọn tó ń la pákó ti mọ orúkọ mi, wọ́n ń bú mi: "Sùlè, ṣé o fẹ́ fi ìrókò ṣe aya ni?" Ìgbà tó di ọjọ́ kan, mo dé, Ọ̀gá bi mí bó ṣe máa ń bi mí.

"Kí lo rí?"

"Ọ̀gá, igi náà dàbí odò tó dúró."

Ó gbójú sókè. "Odò wo?"

"Odò tí wọ́n sọ òkúta sí. Kókó igi ni òkúta náà. Omi wá ń yà fún un, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá."

Ọ̀gá wò mí títí. Ó ní, "Lọ pọn omi." Ẹ̀yin ọmọ, inú mi dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Ọjọ́ náà ni kò sọ pé kí n padà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ mi ní òòyà. Òòyà rọ́bà ni, láti ara táyà ògbólógbòó ni a ti máa ń gé e. A ó kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa rúsúrúsú kun pákó, kó gbẹ, a ó wá fi àwọ̀ tó dúdú jù ú lọ bò ó, a ó sì fi òòyà ya á nígbà tó ṣì tutù, kí ìlà igi jáde. Bí eyín òòyà tí mo gé bá wọ́ díẹ̀ báyìí, Ọ̀gá á jù ú sórí òrùlé. Òòyà tó bo òrùlé Ọ̀gá ju páànù lọ. Bí òjò bá rọ̀, kì í jò.

Ní ti mábìlì, ìyẹ́ ìrù adìyẹ funfun la fi ń fa iṣan rẹ̀. Ìyàwó Ọ̀gá ló ni àwọn adìyẹ, èmi ló sì ń fa ìyẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn adìyẹ àdúgbò wa fi ń rìn níhòhò.

"Sùlè! Òtútù ń pa àwọn adìyẹ mi!"

"Ìyá, ooru ló mú wọn, wọ́n bọ́ aṣọ ni."

Ó lé mi yí ilé ká. Ọ̀gá kò gbèjà mi, kò sì ní kí n má fa ìyẹ́ mọ́.

Àwọ̀ tí a fi ń ṣe ìrókò wá ńkọ́? Ilẹ̀ pupa tí a bù lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá ni, a ó fi èédú sí i, a ó fi osùn díẹ̀ sí i, a ó lọ̀ ọ́ kúnná. Ohun tí a wá fi ń pò ó, kó lè lẹ̀, ẹmu ni. Ẹmu Ìlá tó ti kan. Ẹ ò gbọ́ pé ẹmu Ìlá dára? Fún igi náà ló tún dára jù. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, n kò fẹnu kan ẹmu rí, ṣùgbọ́n bí mo bá darí dé ilé, ìyá mi á gbóòórùn ọwọ́ mi, á pariwo, á pe bàbá mi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé pákó ló ń mutí, kì í ṣe èmi.

Òfin kan wá wà tí Ọ̀gá fi ṣe orí gbogbo òfin. Ó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sùlè, bí ẹnikẹ́ni bá dúró síwájú iṣẹ́ wa, tó bi ọ́ pé irú igi wo nìyí, kí ni wàá sọ?"

"Màá ní ìrókò ni."

Ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kàn mí lórí, kó! "Irọ́ nìyẹn. Ọwọ́ wa ló ń purọ́, ẹnu wa kì í pa á."

"Màá ní arère ni."

Kó! "Èyí ló burú jù. O ti tú onílé láṣìírí, o ti ba iṣẹ́ jẹ́."

Mo di orí mú. "Kí ni kí n wá sọ, Ọ̀gá?"

"Sọ pé: Ẹ wò ó dáadáa."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Yóò padà wá.

Nígbà yẹn ni Bàbá Oníkòkó, ọkùnrin kan tó ń ra kòkó ní Ìlá, ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ti fọ́nnu káàkiri pé ilẹ̀kùn ìrókò fífẹ̀ kan ni yóò wà níwájú ilé òun, irú èyí tí Ọ̀tan Ayégbajú àti Ìgbájọ kò ní. Kí ilé tó dé òrùlé, kòkó já a kulẹ̀. Arère ló rí rà. Ó wá bá Ọ̀gá, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lórí.

"Jósẹ́fù, bò mí láṣìírí."

Ọ̀gá ní, "Ẹ dé fìlà yín, bàbá."

Káfíńtà tó kan án, onílé, Ọ̀gá àti èmi, àwa nìkan la mọ̀. Nínú àtíbàbà kan tí a fi ẹní yí ká ni a ti kùn ún. Nígbà tí Ọ̀gá ń ya kókó ńlá tó wà láàárín ilẹ̀kùn náà, ó dá mi lójú pé kò mí. Ìlà igi náà ń bọ̀ láti òkè, ó dé ibi kókó, ó yà fún un bí omi ṣe ń yà fún òkúta. Nígbà tó ku igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó na òòyà sí mi.

"Sùlè, tìrẹ nìyẹn."

Mo fà á. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo igun náà títí òógùn fi gbẹ lára mi. Àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yìn mí. Ṣùgbọ́n kò nù ún nù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, káfíńtà àgbà kan wá láti Ọ̀tan, ó kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ajá. "Jósẹ́fù, igbó wo lẹ ti rí ìrókò yìí?" Ọ̀gá ní, "Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá." Bàbá náà wò ó dáadáa, ó mi orí, ó ní irú igi bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Òótọ́ ló sọ. Kò tilẹ̀ sí rí.

Ṣùgbọ́n ìjàm̀bá kò ní ilé tí kì í yà. Ó yà sọ́dọ̀ wa nígbà tí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa kọ́ mọ́ṣáláṣí tuntun, tí wọ́n ní kí Ọ̀gá bá àwọn sọ ilẹ̀kùn rẹ̀ di ìrókò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Ọ̀gá ti lọ àwọ̀ tán, ó nawọ́ sí akèrègbè ẹmu, ni mo bá dì í lọ́wọ́ mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹmu sí i."

"Nítorí kí ni?"

"Mọ́ṣáláṣí ni, Ọ̀gá. Ilẹ̀kùn tí àwọn baba mi máa gbà wọlé lọ kírun, a ò lè fi ẹmu kùn ún. Bí wọ́n bá gbọ́, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ lé."

Ọ̀gá, Onígbàgbọ́ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, gbé akèrègbè sílẹ̀. "O wí ire. Ẹni tó bá wọ ilé onílé, á bọ́ bàtà. Kí la ó wá fi pò ó?"

Ìyàwó Ọ̀gá ń sẹ́ ògì nítòsí. Omi ògì tó ti kan wà nínú ìkòkò. Ọ̀gá fi ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó pò ó mọ́ àwọ̀, ó fa ìlà kan lórí pákó. Ó lẹ̀ mọ́ pákó bí àbúrò ìyàwó. Ni a bá fi omi ògì ṣe ìrókò Ọlọ́run. Ó dára, ó ju ti ẹmu lọ! A parí rẹ̀ ní ọ̀sán Alàmísì. Òfin Ọ̀gá ni pé ìlà igi gbọ́dọ̀ sùn kí á tó fi fáníìṣì bò ó. A fi í sílẹ̀ kó sùn. Àwa náà lọ sùn.

Ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, a gbé fáníìṣì dé. Gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ti ṣèpàdé síwájú mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti lá ilẹ̀kùn náà láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì. Òkè ìrókò, ìsàlẹ̀ ọ̀dà rúsúrúsú, bí ẹni tó wọ agbádá tó gbàgbé ṣòkòtò. Òbúkọ ńlá kan ṣì fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ilẹ̀kùn, ó ń na ahọ́n sí kókó igi. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti pọ́n bí ẹni tó fi osùn para.

Ta ló tún wà níbẹ̀? Ààfáà àgbà mọ́ṣáláṣí náà, bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín.

"Jósẹ́fù, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ kú àárọ̀, Ààfáà."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ewúrẹ́ wa ní ìrókò jíjẹ?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹnu tèmi ló já: "Ẹ wò ó dáadáa, Ààfáà."

"Mo ti wò ó. Òbúkọ yìí ni olórí wọn. Ẹ bá mi dè é mọ́lẹ̀. Èyí tó jẹ ìrókò lónìí, á jẹ òpó lọ́la, lọ́túnla á jẹ lèmọ́mù. Kí á tètè fi í ṣe sàráà."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àfi Ọ̀gá. Ó ti bọ́ sídìí iṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilẹ̀kùn yẹn, ìrun Jímọ̀ sì ń bọ̀. Èmi mú igi, mo ń lé ewúrẹ́. Òun mú òòyà, ó ń tún ìrókò bí. Ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun la fi fáníìṣì kẹ́yìn sí i. Kò tíì gbẹ tí èrò fi wọlé. Ẹni tó bá fara kàn án gbé ìrókò lọ sílé lára agbádá funfun. Àwọn kan kò fọ agbádá náà mọ́. Wọ́n ní ó lọ́lá.

Lójú ọ̀nà ilé, Ọ̀gá ń lọ níwájú. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nínú ọkàn.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bí mo bá jẹ́ kí á fi ẹmu pò ó, ewúrẹ́ ì bá má lá a."

Ó dúró. "Sùlè, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni èèyàn ti ń yìn mí. Èèyàn lè máa pọ́n mi. Ewúrẹ́ kì í pọ́nni. Ó rí iṣẹ́ mi, ó dára lójú rẹ̀, ó lá a." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti inú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí mo bá parí iṣẹ́ kan, tí mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ó dára?" á ní, "Ṣé ewúrẹ́ ti wá?" Kò fi ẹnu ara rẹ̀ yìn mí rí títí ayé.

Bí mo ṣe gba òmìnira, àti ohun tí wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ó pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ́ tán. Mo ṣiṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Òpó, ilẹ̀kùn, pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì, àní pósí bàbá kan tó ní òun kò lè wọ ilẹ̀ nínú arère tí kò bá jọ ọ̀gànwó. Wọ́n ní nígbà tó dé ọ̀hún, wọ́n fún un ní ààyè níwájú.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Ọ̀dà alágolo dé, a kò lọ ilẹ̀ pupa mọ́. Rólà kan dé tí wọ́n ti gbẹ́ ìlà igi sí lára. Bí o bá yí i lórí ògiri, igi kan náà ni yóò máa bí, gbogbo ọmọ rẹ̀ jọra bí ìbejì. Bébà àlẹ̀mọ́ tó ní àwòrán igi dé, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ bíi sítáńbù. Ilẹ̀kùn irin wá dé láti òkè òkun, tí ẹ̀rọ ti kun ìlà igi sí. Wọ́n gba irọ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e fún ẹ̀rọ. N kò bá ẹ̀rọ jà. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í fa ìyẹ́ adìyẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rán an lọ wo igi rí.

Ọ̀gá dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo lọ kí i ní Òkè-Ìlá, ojú mi rọ̀. Ó ní, "Má ṣàánú mi. Iṣan mábìlì tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe, ìsinsìnyí ni ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n fà." Ìyẹ́ adìyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run pè é.

Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lẹ táìlì mọ́ òpó ṣọ́ọ̀ṣì tó kùn ní Ọ̀tan. Wọ́n tún mọ́ṣáláṣí wa kọ́, gíláàsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, ewúrẹ́ kò rí nǹkan lá níbẹ̀ mọ́. Ó wá ku ilẹ̀kùn Bàbá Oníkòkó nìkan. Bí mo bá ń kọjá, màá kí i bí ẹni ń kí àgbà, màá sì bẹ̀rẹ̀ wo igun ìsàlẹ̀ mi lápá òsì.

Láìpẹ́ yìí ni ọlọ́kadà kan sáré dé ẹnu ọ̀nà mi. "Baba Ọlọ́dà! Wọ́n ń yọ ilẹ̀kùn Oníkòkó o!" N kò rántí bí mo ṣe gun ọ̀kadà náà. Ó jọ mí pé èmi ni mo gbé ọ̀kadà.

Bàbá Oníkòkó ti kú tipẹ́. Ìyá Adéọtí, ìyàwó rẹ̀ tó kéré jù, ló ṣẹ́kù nínú ilé náà. Etí rẹ̀ ti ń wúwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ríran bíi ti àṣá. Dáyọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Àbújá, ló wá tún ilé ṣe. Ó ti ra ilẹ̀kùn irin, ó sì ti rí ọkùnrin kan tó ń ra ilẹ̀kùn àtijọ́ fún ilé àwọn olówó. Ọkùnrin náà dúró síwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú dígí dúdú lójú, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbá a kó kó kó, ó ń sọ pé, "Ẹ gbọ́ ohùn ìrókò!" Ẹni tó bá ti gbà pé ìrókò ni, ohùn ìrókò ni yóò gbọ́.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ há mi sí. Bí mo bá dákẹ́, ìrókò ni yóò jẹ́, ọkùnrin náà á gbé e lọ, n kò ní rí i mọ́. Bí mo bá ní arère ni, mo ti ba iṣẹ́ Ọ̀gá jẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, Dáyọ̀ á sì fi í dáná. Èmi sì fẹ́ kí ilẹ̀kùn náà dúró síbi tó wà.

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Baba, wọ́n ní ẹ ti mọ ilẹ̀kùn yìí tipẹ́. Ìrókò ni, àbí?"

"Ẹ wò ó dáadáa, sà."

Ó wò ó. "Ìrókò ni!"

Orí mi wá ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ṣé èèyàn méjì yìí náà ni yóò gbé e? Ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ ò ṣe lọ kó àwọn géńdé wá? Dáyọ̀, ọmọ mi, bá wa tẹ́ fóòmù sílẹ̀."

Dáyọ̀ ní, "Òótọ́ ni o! Ìrókò á fọ́ táìlì mi." Táìlì kọ́ ni mo ń ṣàánú.

Géńdé mẹ́jọ dé. Wọ́n tú ilẹ̀kùn kúrò lára férémù, wọ́n yí i ká, wọ́n tutọ́ sọ́wọ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀gá wọn: "Ẹ di àmùrè! Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀! Ẹ ṣe é bí ẹni fẹ́ gbé mọ́tò! Ó di hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n!"

Ilẹ̀kùn fò sókè bí páànù tí ìjì gbé. Àwọn géńdé ṣubú sẹ́yìn bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan bá ara rẹ̀ nínú gọ́tà, ó ṣì na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń gbé afẹ́fẹ́. Ilẹ̀kùn bọ́ sórí fóòmù jẹ́jẹ́, àfi igun ìsàlẹ̀ lápá òsì tó kan àtẹ̀gùn. Igun mi. Ó ha, igi funfun yọ.

Ọkùnrin náà yọ dígí. Ó fi ọwọ́ kan gbé ilẹ̀kùn náà dìde. "Arère! Baba, ẹ ní ìrókò ni!"

"Èmi? Mo ní ẹ wò ó dáadáa."

Ó bínú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ kókó ńlá tó wà láàárín. "Ta ló ṣe èyí?"

"Ọ̀gá mi. Jósẹ́fù, ọmọ Òkè-Ìlá."

"Ó mà mú mi o." Ó mi orí, ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Arère ni n kò rà, baba. Ọwọ́ yìí, mo júbà rẹ̀." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Dáyọ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ṣé gbogbo ọjọ́ tí bàbá àgbà fi ń fi ìrókò yangàn, igi àpótí ni? Ẹ bá mi wá àáké. Kí wọ́n fi dín àkàrà!"

Ọ̀pá kan dún lẹ́yìn wa. Ìyá Adéọtí ni. Ó rìn kọjá láàárín wa, ó jókòó sórí ilẹ̀kùn.

"Ta ní fẹ́ fi kí ni dáná?"

"Ìyá, arère ni o!" Dáyọ̀ pariwo sí i létí. "Kì í ṣe ìrókò!"

"Má dí mi létí. Mo ti mọ̀ kí n tó bí bàbá rẹ."

Ó ní, "Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Wọ́n gbé e ti ògiri kí wọ́n tó gbé e kọ́, ọmọ ọlọ mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ lọ ata. Mo fi ọwọ́ kan sún un kúrò, mo mú ọmọ ọlọ mi. Bí mo ṣe yíjú, ọkọ mi ló dúró yẹn. Kò sọ nǹkan. Èmi náà kò sọ nǹkan. Mo dá a padà síbi tó wà. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú, kò jágbe mọ́ mi rí. Àwọn ìyáálé mi rò pé oògùn ni mo lò." Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn. "Èyí ni oògùn mi. Ẹni tó bá fẹ́ fi í dáná, kó gbé èmi náà lé iná."

Ó tún ìró rẹ̀ wé, ó jókòó dáadáa.

Dáyọ̀ wò ó, ó wò mí. "Ìyá, ọmọ ọlọ?"

"Ọmọ ọlọ."

Ẹ̀rín gbé e lulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. Èmi àti òun nìkan la gbé ilẹ̀kùn padà. Ó fi ọwọ́ kan gbé e, ó fi ìkejì dáhùn fóònù. Ilẹ̀kùn irin lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Dáyọ̀ sì ní kí n kùn ún kó jọ tiwájú. Irin tó ń ṣe bí arère tó ń ṣe bí ìrókò! Ọ̀gá ì bá jó. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ̀yìnkùlé Oníkòkó ni mo wà báyìí, ẹ máa bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo igi ná.

Ṣùgbọ́n igun mi ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Mo bu ilẹ̀ pupa lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, mo gé òòyà lára táyà ọ̀kadà, mo gba omi ògì lọ́wọ́ Ìyá Adéọtí. Ọwọ́ tèmi náà ti ń gbọ̀n báyìí. Mo jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ìlà náà jáde, ó bọ́ sínú ìlà Ọ̀gá bí omi ṣe ń bọ́ sínú odò.

Dáyọ̀ gbé agolo dé. "Baba, fáníìṣì nìyí."

"Gbé e sílẹ̀ ná."

"Kí lẹ ń retí?"

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ní òdìkejì. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ewúrẹ́ àdúgbò kan ń kọjá lọ. Ó dúró. Ó gbóòórùn. Ó wo ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí káfíńtà àgbà ará Ọ̀tan, ó bẹ̀rẹ̀ orí sí igun mi, ó yọ ahọ́n.

Dáyọ̀ fò dìde. "Háà! Baba! Ó ń ba iṣẹ́ yín jẹ́!"

Mo dì í lẹ́wù mú. "Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán."